Ìjọba Kì Í Tọrọ Ìyàwó

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o jókòó. Ìwọ tó ń fọ abọ́, fi sílẹ̀ ná, abọ́ kò ní sá lọ. Ẹ fún àwọn ọmọdé láyè níwájú. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá lónìí o, ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ariwo rédíò ní Àlàbá, tó lọ bá àwọn òyìnbó jókòó nílé ìgbìmọ̀ wọn, tó sì tún padà wá bá wa ní Ìbà. Orin wà nínú rẹ̀. Tí mo bá dá a, kí ẹ bá mi gbè é:

Rédíò sọ̀rọ̀, mo gbọ́ o,
Ìfẹ́ sọ̀rọ̀, mo dúró,
Ẹni tó gbọ́ tí kò dúró
Kò tíì gbọ́ nǹkan kan o.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbíyẹmí lorúkọ ọmọbìnrin náà.

Ọmọ Ìbà ni. Kékeré ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú, Àbẹ̀bí, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Òkòkómáíkò ni Àbẹ̀bí ń gbé, nítorí náà Màmá Òkòkò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Nígbà tí Ìbíyẹmí dàgbà tán, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àlàbá, ó ń ta rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì. Bí ìyá ṣe ń nu imú ọmọ ló ṣe ń nu eruku ara àwọn rédíò yẹn, á sì máa kọrin sí wọn létí.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1988 ni òyìnbó kan yọ sí i. Ó ga bí òpó iná. Oòrùn ti na imú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ẹyìn.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí.

Aṣọ ìnukù dúró lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Òyìnbó tó ń sọ Yorùbá! "Ẹ káàsán, sà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Rédíò. Èyí tó ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà jíjìn gan-an."

Ó gbé ọ̀kan fún un. Òyìnbó fa irin orí rẹ̀ sókè, ó gbé etí lé e, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ṣìì, ṣìì, kò sí nǹkan mìíràn. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ọmọ Ìbò tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá Àlàbá bèèrè pé, "Òyìnbó, ṣé màmá ẹ lò ń wá nínú ẹ̀ ni?"

"Ilé ni mò ń wá," òyìnbó dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbé etí kúrò.

Kò rí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sì ra rédíò. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé etí lé òmíràn. Nígbà tó tún dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó sú Ìbíyẹmí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣé rédíò lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ gba yàrá nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ṣé yàrá wà?"

"Ó wà. Ẹ̀yin àti àwọn eku lẹ máa jọ pín in."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi yẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ sí gan-an ni ohùn ti jáde! Ọkùnrin kan ń sọ èdè kan tó ń yára bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lórí páànù. Òyìnbó tún gbé etí mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí omi fi dà sí i lójú.

Àánú ṣe Ìbíyẹmí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé ẹnìkan kú ni?"

"Rárá. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Nílùú wa, tí o bá fẹ́ sọ òtítọ́, ilé ìdáná lo máa wọ̀. O máa kọ́kọ́ ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, kí ariwo rẹ̀ má jẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ọ. Wọ́n wá ń sọ ọ́ báyìí nínú rédíò."

Ìbíyẹmí yọjú wo òde. "Ẹ rọra sọ ọ́, sà. Ṣọ́jà ló ń ṣèjọba níbí náà. Àwa ò sì ní omi ẹ̀rọ tí a máa ṣí."

Bí wọ́n ṣe mọ ara wọn nìyẹn. Gábọ̀ ni orúkọ rẹ̀, Húngárì ni ìlú rẹ̀. Ìtàn ayé àtijọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Ọ̀jọ́, Ìbà ló sì háyà yàrá sí. Ó ra rédíò náà lọ, ó sì ń gbé e padà wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ pé kò mú dáadáa. Ìbíyẹmí á tú u, á wò ó, á dì í padà. Kò sí nǹkan tó ṣe rédíò.

"Gábọ̀," ló wí lọ́jọ́ kan, "ara rédíò yìí le. Olówó rẹ̀ ló ń ṣàìsàn."

Gábọ̀ wo ilẹ̀. Imú rẹ̀ tún pọ́n sí i. "Òótọ́ ni. Ṣé o ní oògùn rẹ̀?"

"Àìsàn wo ni?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ìbí. Tí mo bá ti gbọ́ orin rẹ láti ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kì í tẹ̀lé mi mọ́, òun ló ń ṣáájú."

Ayọ̀ kún inú Ìbíyẹmí, ẹ̀rù sì bà á. Inú aṣọ ìnukù ló fi ojú pamọ́ sí, tó fi dáhùn pé, "Jókòó, aláìsàn mi. A kì í lé aláìsàn jáde."

Nígbà tó yá, Gábọ̀ lọ rí bàbá. Bàbá Adéṣínà, apẹja ni, ó ń hun ìgèrè lọ́wọ́ níwájú ilé. Gábọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí Ìbíyẹmí ṣe kọ́ ọ. Ó gùn débi pé àwọn adìyẹ ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

"Dìde, dìde," Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Orí rẹ wà ní Ìbà, ẹsẹ̀ rẹ ti dé Ìjànìkín. Kí lo bá wá?"

"Ìbíyẹmí ni, sà. Mo fẹ́ fi ṣe aya."

Bàbá gbé ìgèrè sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Gábọ̀, bí ẹni ń retí pé àwọn yòókù ń bọ̀. "Ta lo mú wá?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. O mọ ènìyàn í kí, o ò sì kọ oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo kì í dá wá tọrọ ọmọ nílé yìí. Ìdílé ló ń fọmọ fún ìdílé. Lọ mú àwọn ènìyàn rẹ wá."

"Ìyá mi wà lábúlé, sà. Ìjọba wa kì í jẹ́ kí ènìyàn jáde bó ṣe wù ú."

"A máa dúró dè é nígbà náà. Àní mo fẹ́ràn rẹ. Mo máa dúró."

Inú Gábọ̀ bàjẹ́ díẹ̀, inú Ìbíyẹmí náà bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrètí wà. Ìfẹ́ tó nírètí kì í mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Àfi ìgbà tó di ọdún 1989 tí rédíò gbé ìròyìn ńlá. Ìjọba àtijọ́ ti ń mì ní Húngárì. Wọ́n fẹ́ dìbò, ìbò tòótọ́, tí ẹgbẹ́ púpọ̀ máa bá ara wọn du. Àwọn ọ̀rẹ́ Gábọ̀ ń pè é: máa bọ̀, àwa tó lè sọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kó ọwọ́ lérí.

"Tí mo bá lọ, ṣé mi ò ní pàdánù rẹ?"

Ìbíyẹmí pa rédíò. "Ọkùnrin tó jókòó tì mí tí etí rẹ̀ wà lọ́nà ibòmíràn, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Lọ. Lọ bá wọn sọ òtítọ́ yẹn láìṣí omi ẹ̀rọ."

"Màá padà wá. Màá mú ìyá mi wá."

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ o." Ó kó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo jọ sínú ọ̀rá, ó gbé e fún un. "Ìwé kò yé mi púpọ̀, má kọ lẹ́tà gígùn sí mi. Ohùn rẹ ni kí o máa fi ránṣẹ́."

Ó sìn ín dé ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Bí mọ́tò ṣe ń gbé e lọ, orin ló bọ́ sí i lẹ́nu, ó kọ ọ́ tán kó tó sunkún:

Ọkọ̀ ń lọ o, ọkọ̀ ń lọ,
Ọkọ̀ gbé olólùfẹ́ mi lọ,
Awakọ̀, rọra tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́,
Ohun tí o gbé yẹn, ọkàn mi ni.

Ẹ gbè é. Ẹ ṣeun.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti ìlú òyìnbó dé. Ohùn Gábọ̀ ti ha. Ó ní kẹ̀kẹ́ lòun ń gùn láti abúlé dé abúlé, yìnyín ń bọ́ lé òun lórí, òun ń tọrọ ìbò. Ó ní bàbá arúgbó kan dìde nípàdé, ó bi òun pé, "Ibo lo wà nígbà tí ìyà ń jẹ wá?" Òun sì dáhùn pé, "Ìbà ni mo wà, sà, wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń kí àgbà."

Wọ́n dìbò fún un! Ọdún 1990 ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Búdàpẹ́ẹ̀sì, olú ìlú wọn. Ìbíyẹmí ra bisikíìtì, ó pín in fún gbogbo ẹni tó ń tajà ní ìlà wọn. Màmá Òkòkò jó dé ojú títì.

"Aṣòfin! Ọkọ ọmọ mi di aṣòfin! Ṣé yóò wá bá wa ṣe ọ̀nà Ìbà?"

"Màmá, Húngárì ló ti ń ṣòfin."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Kò wá lè bá wa sọ ọ́ fún wọn?"

Kásẹ́ẹ̀tì ń dé. Nínú ọ̀kan, Gábọ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe jà lórí òfin tí yóò mú kí àwọn àgbẹ̀ rí nǹkan gbà lórí ilẹ̀ tí ìjọba àtijọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Adéṣínà jókòó ti rédíò, ó gbọ́ ọ dópin, ó mi orí. "Ọmọ yẹn mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́," ló wí. "Ṣé ó ti sọ ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀?"

Kò tíì sọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n tún gbé e ga. Ìgbìmọ̀ ńlá kan wà tí àwọn aṣòfin láti gbogbo Yúróòpù ń pàdé sí ní Sítírásíbọ̀ọ̀gù, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ní kí Gábọ̀ wà lára àwọn tí yóò máa lọ ṣojú Húngárì níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú lókè, ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀, àwọn ènìyàn ńlá lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà.

"Ẹni ọ̀wọ́n," kásẹ́ẹ̀tì kan wí, "ní ti ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa, mo fẹ́ fi dá ọ lójú pé gbogbo ìgbésẹ̀ tó yẹ ni a óò gbé ní àkókò tó bá tọ́."

Ìbíyẹmí pa á. Ó tún fi í sí i. Ó tún pa á. "Ta nìyí?" ó bi rédíò léèrè. "Ọkùnrin yìí ń ka ìròyìn fún mi."

Kásẹ́ẹ̀tì wá ń ṣọ̀wọ́n bí òjò oṣù Bélú. Ìbíyẹmí kò kọrin sí rédíò létí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànjí, tó ń ta pákó ní Ìjànìkín, sì ń wá kí Bàbá lójoojúmọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ní ìwà burúkú kankan. Gbogbo ìgbà tó bá wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a bá a wá, ìyá rẹ̀ a bá a wá.

Màmá Òkòkò fa Ìbíyẹmí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ mi, kì í ṣe pé à ń lé ọ nílé. Àmọ́ mi ò tíì rí obìnrin tó fi kásẹ́ẹ̀tì bímọ rí."

"Màmá, ó ṣèlérí."

"Mo mọ̀. Olóṣèlú kì í ṣe aláìṣèlérí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbíyẹmí dé egungun. Ó gbé ọ̀rọ̀ Màmá sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi tirẹ̀ lé e, ó fi ránṣẹ́ sí Gábọ̀: bí o bá fẹ́ mi, wá tọrọ mi.

Ọdún tí a dìbò nílẹ̀ yìí tí wọ́n fagi lé e, ọdún yẹn gan-an ni ìdáhùn dé. Ọkọ̀ dúdú kan tí àsíá wà níwájú rẹ̀ wọ Ìbà. Òyìnbó méjì tó wọ kóòtù sọ̀ kalẹ̀, òógùn ń wẹ̀ wọ́n, ògbufọ̀ kan tẹ̀lé wọn. Wọ́n kó ẹ̀bùn wá, aṣọ, ago dídán, ọtí inú àpótí pákó. Gbogbo agbo ilé pé. Ìbíyẹmí wà nínú yàrá, ó ń yọjú láàárín aṣọ fèrèsé, ọkàn rẹ̀ ń jó.

Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Àwọn ẹni iyì yìí wá lórúkọ ọlọ́lá aṣojú, láti tọrọ ọwọ́ Ìbíyẹmí."

Màmá Òkòkò ló ń gba ẹnu ilé sọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àbúrò bàbá rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. "Kò sí, mà."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀?"

"Àwa kò bá a tan, mà. Ìjọba ilẹ̀ Húngárì la ń ṣojú fún. Ọlọ́lá wà ní ìpàdé pàtàkì."

"Ìjọba! Ta wá ni ìyá ìjọba?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Adéṣínà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ọ̀wọ̀ kí wọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún Gábọ̀ pé n kò bínú. Àmọ́ ìjọba kì í tọrọ ìyàwó. Ọmọ mi kò ní ìyá. Tó bá dé ibi tí mi ò mọ̀, tí ó bá ń sunkún, ta ni màá ránṣẹ́ pè? Ìjọba? Mo ti dàgbà, mo ti rí bí ìjọba ṣe ń lọ tí òmíràn ń dé. Ẹ kó ẹrù yín. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."

Wọ́n jẹun, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ìbíyẹmí jáde sí bàbá rẹ̀, ìbínú ń jó o lójú.

"Bàbá, ẹ ti bà mí láyé jẹ́! Ó ránṣẹ́, ẹ lé wọn!"

Màmá Òkòkò ló fà á mọ́ra. "Dákẹ́, kí o fi ọkàn rẹ dá mi lóhùn. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó ń fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé o ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí nínú ọ̀kankan? Ó tilẹ̀ kí ọ rí?"

Ìbíyẹmí rántí gbogbo ohùn tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn olùdìbò, àwọn ajá abúlé, aago ilé ìjọsìn. Kò sí ìyá níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wá là: ọkùnrin yìí kò tíì dárúkọ òun nílé.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́.

"Gábọ̀, mi ò fẹ́ ọlọ́lá. Ẹni tó gbé etí lé rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fẹ́. Ìyá rẹ kò mọ̀ mí, àbí? Bàbá mi mọ̀ ọ́, adìyẹ ilé wa mọ̀ ọ́. Kí ni mo ṣe tí mo fi di ohun tí a ń fi pamọ́? Àkànjí fẹ́ mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi lẹ́yìn Iléyá. Mi ò ní í kọ̀ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mo sì ń bínú, méjèèjì ló wà nínú orin yìí." Ló bá kọrin:

Ẹni tó fẹ́ mi lókùnkùn
Kó má fẹ́ mi mọ́ o,
Èmi kì í ṣe ẹrù olè
Tí a ń gbé gba ẹ̀yìnkùlé,
Gbé mi gba iwájú ilé
Kí ìyá rẹ rí mi o.

Ó fi ránṣẹ́. Ó sì dúró. Iléyá ń súnmọ́, wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀ káàkiri Ọ̀jọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn rẹ̀ bẹ Àkànjí pé kó má bínú pé òun kò lè nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kíákíá. Àfi bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ohùn ìròyìn. Gábọ̀ tirẹ̀ ni.

"Ìbí, òtítọ́ lo sọ. Mo ti dúró níwájú aṣojú gbogbo Yúróòpù, mo sọ̀rọ̀ òmìnira, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ́ n kò lè dúró níwájú ìyá mi kí n dárúkọ rẹ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní àwọn ará abúlé kò ní dìbò fún ẹni tó fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Mo ní kí n dúró dìgbà tí ìbò bá kọjá. Ìbò kan kọjá, òmíràn tún ń bọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ìjọba. Ìjọba kì í sọ fún ìyá ẹni."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ.

"Àná, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ sí i fún màmá. Ó ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ó kàn gbọ́ ohùn rẹ. Ó ní, 'Ta ni obìnrin yìí ń bú?' Mo ní, 'Èmi ni.' Ó ní, 'Kí lo ṣe é?' Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìbí, màmá gbá mi létí. Aṣòfin ni mí, ó gbá mi létí nínú ilé ìdáná! Ó ní, 'O fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ láti ìgbà yẹn, o ń dúró de ìbò?' Ó wá bèèrè ibi tí bàtà òun wà. Sọ fún Bàbá pé à ń bọ̀. Bẹ Àkànjí fún mi."

Ìbíyẹmí sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ọmọ Ìbò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé pé kí ló dé. Ó dì mọ́ rédíò bí ẹni dì mọ́ ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Àkànjí, ó kúnlẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún un. Àkànjí gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Orin rẹ kò wá sí apá ọ̀dọ̀ mi rí. Ọlọ́run á fún oníkálùkù ní tirẹ̀." Ó sì rí tirẹ̀ lóòótọ́, kò pẹ́ púpọ̀.

Kí ìyá àti ọmọ tó múra ìrìn àjò tán, ìbò Húngárì ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún 1994. Wọ́n pàdé nínú gbọ̀ngàn abúlé, ẹnìkan dìde, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé aṣojú wa fẹ́ fẹ́ obìnrin Áfíríkà?" Kí Gábọ̀ tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti dìde lẹ́yìn. "Òótọ́ ni. Èmi ni mò ń lọ tọrọ rẹ̀. Ṣé ìbéèrè mìíràn wà?"

Gábọ̀ kò wọlé. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ló fà á. Àwọn mìíràn ní gbogbo ẹgbẹ́ wọn ni ìbò náà gbá lọ, pé kò bá má wọlé náà ni. Ta ló mọ̀? Ó pàdánù ipò Búdàpẹ́ẹ̀sì, ó pàdánù ti Sítírásíbọ̀ọ̀gù pẹ̀lú.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé. Kò sí àsíá, kò sí ọkọ̀ dúdú. Gábọ̀ ló ṣáájú. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, obìnrin kúkúrú, gèlè dúdú kékeré lórí, bàtà ńlá lẹ́sẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kẹ́yìn, alágbẹ̀dẹ abúlé wọn, ó sanra, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

Ìbíyẹmí kò lè dúró nínú yàrá bí àṣà. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Ìyá wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú rẹ̀ sókè, ó sọ nǹkan kan.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìbíyẹmí bi Gábọ̀.

"Wọ́n ní ìwọ ni ohùn yẹn."

Ẹkún gba Ìbíyẹmí. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, kò sí ìyá tó gbé ojú rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí àfi Màmá Òkòkò.

Wọ́n jókòó. Gábọ̀ àti alágbẹ̀dẹ dọ̀bálẹ̀. Ikùn alágbẹ̀dẹ kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń fì bí ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọdé pa ẹnu mọ́ ẹ̀rín. Màmá Òkòkò tún aṣọ rẹ̀ so, ó kọjú sí ìyá Gábọ̀, kò sì fi ìbéèrè ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ibi tí ẹ ń mú un lọ jìnnà, igbe rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Tí ọmọ yín bá pa á lẹ́kún ńkọ́?"

Gábọ̀ túmọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i, ó sì fi rọra kan Gábọ̀ ní àtàrí, gbó!

Kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Ilé dàrú! Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ sọ. Màmá Òkòkò fò dìde, ó gbá ìyá Gábọ̀ mọ́ àyà, àwọn méjèèjì ń sọ èdè tiwọn, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Bàbá Adéṣínà gbé ọwọ́ sókè, ilé dákẹ́. "Gábọ̀, wọ́n ní wọ́n ti dìbò mú ọ kúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe?"

"Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, sà. Tí ìbò mìíràn bá dé, màá tún jáde. Ìbí á dúró tì mí níbi tí gbogbo ènìyàn ti máa rí i."

"Màá kọrin fún wọn," Ìbíyẹmí dá sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ẹni tí kò bá dìbò á kọ́kọ́ jó."

Bàbá rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kò fi í lé Gábọ̀ lọ́wọ́ ná, ọwọ́ ìyá Gábọ̀ ló kọ́kọ́ fi í lé. "Ẹni tí màá ránṣẹ́ pè nìyí," ló wí. "Mo ti mọ ojú rẹ̀. Ẹ máa gbé e níre."

Ìyá Gábọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n dá oúnjẹ sè. Ó wọ ilé ìdáná lọ bá Màmá Òkòkò, ó tú ata gbígbẹ tó gbé láti abúlé rẹ̀ sínú ìkòkò ẹja Bàbá, ọbẹ̀ náà pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Ìbà tọ́ ọ wò, wọ́n wo ara wọn. Òyìnbó tó ń jẹ ata! Wọ́n bu ìrẹsì sí i, wọ́n ro ẹ̀bà tì í, alágbẹ̀dẹ jẹ ẹ̀bà títí ó fi ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbí. Ìbíyẹmí jókòó láàárín ìyá méjì, Gábọ̀ jókòó síwájú rẹ̀, wọn kò yéé wo ara wọn.

"Olólùfẹ́ mi," Gábọ̀ wí, "ṣé o ti dáríjì mí?"

"Mo ń jẹun lọ́wọ́, jẹ́ kí n jẹun tán." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti dáríjì ọ́ ní ìgbà tí bàtà yẹn ró."

Wọ́n wá gbé orin nílẹ̀, èyí tí ẹ̀yin náà máa bá mi gbè lọ sílé:

Ìdílé ló wá o, ìdílé,
Ìyá ló wá tọrọ aya,
Ẹ bá wa gbé ìkòkò kalẹ̀,
Kálukú bu tirẹ̀ kó yó,
Ayọ̀ tiwa kò ní tán.

Àwọn ará Ọ̀jọ́ yó, wọ́n lọ sí Ọ̀jọ́. Àwọn tó ti Òkòkómáíkò wá di èyí tó kù sínú ewé, wọ́n ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. Ọmọ Ìbò Àlàbá gbé ti àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Kò sí ẹni tó lọ sílé pẹ̀lú ebi, kò sí ẹni tó lọ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ìkòkò wà nílẹ̀. Ẹ bu tiyín, kí ẹ jẹ ẹ́ yó, kí ẹ sì rọra máa lọ.